Èyí Tí Olú Bí àti Èyí Tí Ọwọ́ Wa Fà

Ọ̀nà jìn láti inú ara olú tí ń hù lórí òkú igi títí dé inú ìgò kékeré tí onímọ̀ kẹ́míkà di ìyẹ̀fun funfun sí, tí ó lẹ orúkọ mọ́ ọn lára, tí ó sì kéde fún aráyé pé èròjà tuntun ni òun rí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ìkéde náà, àfi kí ó padà rin ọ̀nà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó máa bi gbogbo ọwọ́ tí èròjà náà gbà kọjá léèrè ohun tí wọ́n fi kún un àti ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀. Nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá nínú ìgò ni olú bí. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọtí tí a fi rẹ olú náà ni ó bí i, òmíràn jẹ́ ọmọ ásíìdì, òmíràn jẹ́ ọmọ iná, òmíràn sì ti inú ike wá tí kò bá olú tan rárá. Èyí tí olú fúnra rẹ̀ ṣe ni n ó máa pè ní èròjà àbímọ́ nínú àròkọ yìí. Èyí tí iṣẹ́ wa nínú yàrá ìwádìí dá sílẹ̀ ni n ó máa pè ní àfọwọ́fà.

Bí mo bá sì dárúkọ olú, kì í ṣe èyí tí à ń sè lọ́bẹ̀ nìkan ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe gbogbo ẹbí náà pátá: èyí tí ń hu lára búrẹ́dì, èyí tí ń ba ẹ̀pà jẹ́ nínú àká, èyí tí ń fi làpálàpá sí orí ọmọdé. Aláìléwé tí kò pa ebi kú, aláìnígbòǹgbò tí ó fìdí múlẹ̀, ajòkúgi-má-bì, ẹni tí ń sọ igbó tí ó ti wó di ilẹ̀ ọlọ́ràá! Kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá fún ọ̀tá, kò ní eyín tí yóò fi bù ú jẹ, nítorí náà èròjà ni ó fi ń jà, èròjà ni ó fi ń dá ààlà ilẹ̀ rẹ̀, àwa ọmọ ènìyàn sì ti rí oògùn tí kò lóǹkà ṣà nínú ohun ìjà rẹ̀ yìí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò fi jẹ́ eré àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Ẹni tí ó bá ń wá oògùn, tí ó bá sì fi ọdún mẹ́ta ayé rẹ̀ tẹ̀lé ohun tí olú kò mọ̀ rí, ọdún wọ̀nyí kò ní padà wá bá a mọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. A ó gbin olú sórí ìrẹsì tí a ti sè tí a sì ti fi oru gbígbóná pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, tàbí sínú omi oúnjẹ tí a fi ṣúgà àti iyọ̀ sí. A ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ó bá gbó, a ó da omi ìyọ́, bíi ọtí methanol tàbí ethyl acetate, lé e lórí kí ó lè fa èròjà inú rẹ̀ jáde. A ó fi ooru gbẹ omi ìyọ́ yìí tán. Ohun dúdú tí ó ki, tí ó ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò, ni a ó dà sórí òpó gíláàsì tí a kún fún síílíkà, a ó sì máa fi oríṣìíríṣìí omi ìyọ́ ṣàn án wálẹ̀ títí àwọn èròjà náà yóò fi yà kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo mólékù, àti ẹ̀rọ alágbára òòfà tí ń fi ètò inú rẹ̀ hàn, yóò tó sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún wa. Kò sí ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tí kò lè yí èròjà padà. Nínú ara olú, olúkúlùkù èròjà ní ìyẹ̀wù tirẹ̀, ásíìdì wà níhìn-ín, ẹ́ńsáìmù wà lọ́hùn-ún, ògiri sì wà láàárín wọn. Ìgbà tí a bá gún olú, tí a rì í sínú ọtí, tí a tún gbé e ka iná, ni àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí yóò pàdé, tí wọn yóò sì so pọ̀ níbi tí Ẹlẹ́dàá kò so wọ́n pọ̀ sí.

Nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀sùn yìí máa ń kàn, methanol ni ó wà níwájú. Bí olú bá ṣe èròjà tí ó jẹ́ ásíìdì, tí ó sì sùn mọ́jú nínú methanol, tàbí tí a fi methanol ṣàn án kọjá lórí síílíkà tí òun fúnra rẹ̀ ní ásíìdì díẹ̀ nínú, methanol yóò so ẹyọ kan lára rẹ̀ tí ń jẹ́ methyl mọ́ ọn, ìwúwo mólékù náà yóò sì fi 14 lé sí i. Bí ó bá jẹ́ ethanol ni, 28 ni yóò fi lé. Acetone ní tirẹ̀ a máa de apá méjì tí ó wà nítòsí ara wọn lára mólékù kan pọ̀, èyí a sì fi 40 lé. Ti chloroform ni ó le jù láti fura sí, nítorí àwọn tí ń ṣe é máa ń fi ethanol díẹ̀ sí i, nǹkan bí ìdá kan tàbí ààbọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó lè búra níwájú Ògún pé òun kò jẹ́ kí ethanol kan olú òun rí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi dà á lé e lórí láìmọ̀. Chloroform tí ó sì ti pẹ́ nínú ìgò a tún máa bí ásíìdì sínú ara rẹ̀, ásíìdì yìí a sì máa tú ohun tí ó jẹ́ ẹlẹgẹ́ ká.

Bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Àfọwọ́fà máa ń gbé àmì òbí rẹ̀ méjèèjì: ara rẹ̀ jọ ti èròjà olú, ìrù rẹ̀ jọ ti omi ìyọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé nígbà tí òun bá ti rí 14 tí ó lé, ẹjọ́ ti parí, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí olú pẹ̀lú ní ẹ́ńsáìmù tí ń so ẹyọ methyl kan náà mọ́ èròjà rẹ̀, ìwúwo kan náà ni yóò sì fi lé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìyàtọ̀ wà nínú ibi tí methyl náà ti wá. Olú a máa yọ tirẹ̀ lára methionine, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fi ń mọ èròjà amáradàgbà. Àfọwọ́fà yọ tirẹ̀ nínú ọtí. Nítorí náà, bí a bá fún olú náà ní methionine tí a ti fi káábọ́ọ̀nù tí ó wúwo díẹ̀ ju káábọ́ọ̀nù lásán lọ sàmì sí, tí àmì náà sì fara hàn lára methyl tí à ń bá ṣẹjọ́, olú ni ó ni ín. Tí a bá sì fẹ́ gba ìhà kejì wò ó, a ó wá methanol tí a fi háídírójìn wíwúwo ṣe, a ó fi í rẹ ìlàjì olú kan náà, a ó fi methanol lásán rẹ ìlàjì kejì: bí ìwúwo èròjà náà bá fi 3 lé nínú èyí àkọ́kọ́, ọtí ti jẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìdánwò kejì yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí kò gba ju ọjọ́ kan lọ, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí n fi lovastatin ṣe àpẹẹrẹ, oògùn tí ń dín cholesterol inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí a rí lára olú tí ń jẹ́ Aspergillus terreus, tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 1987. Nínú omi tí a gbin olú yìí sí, ásíìdì tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kan omi náà lásíìdì tí a sì gbẹ ẹ́, ẹ̀wọ̀n náà á ká bọ ara rẹ̀ di òrùka, omi á já bọ́ lára rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì fi 18 dín. Bí òrùka yìí bá tún bá methanol pàdé níbi tí kò yẹ, ó lè ṣí padà, kí ó sì gba methyl mọ́ra. Ìyá kan, ìrísí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò kà wọ́n sí èròjà mẹ́ta tí olú ṣe. Òrùka ni ó wà nínú hóró oògùn tí àwọn aláìsàn ń gbé mì, ẹ̀dọ̀ wọn ni ó sì ń ṣí i padà sí ásíìdì kí ó tó lè ṣiṣẹ́.

Ìtàn penicillin kọ́ wa ní sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Alexander Fleming rí i ní 1928 ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tètè lè mú un nítorí pé ẹlẹgẹ́ ni. Tí a bá fẹ́ kí ó kúrò nínú omi bọ́ sínú ether, dandan ni kí a fi ásíìdì sí omi náà; ásíìdì yìí kan náà sì ni ó ń sọ ọ́ di penillic acid, tí kò lè pa kòkòrò kankan. Bí a bá sì gba ọ̀nà kejì, tí a fi ohun tí ó korò bí eérú sí i, penicilloic acid ni yóò dà, ìyẹn náà kò sì wúlò. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ìkánjú, tí ó bá penillic acid nínú ìgò rẹ̀, tí ó sì kéde pé ohun tí olú Fleming ń ṣe nìyí, yóò ti parọ́ mọ́ olú láìmọ̀. Norman Heatley ní Oxford, nínú ẹgbẹ́ Howard Florey àti Ernst Chain, ni ó rí ojútùú rẹ̀: ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù nini, ó fi ásíìdì sí i fún ìgbà díẹ̀ péré, bí penicillin sì ti bọ́ sínú ether báyìí, ó tún fà á padà sínú omi tuntun tí kò ní ásíìdì nínú mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Heatley kò sì fi ojú lásán gbà pé ohun tí òun mú bọ̀ ni ohun tí ó wà níbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ó ń wọn bí agbára rẹ̀ láti pa kòkòrò ti tó. Àṣà yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí di mú títí di òní: kí a mú díẹ̀ nínú ohun tí olú tú jáde ní ọjọ́ kìíní, kí ó tó kan iná, kí ó tó kan síílíkà, kí a gbé e sínú ẹ̀rọ, kí a sì wò ó bóyá ohun tí à ń yangàn lé lórí ní ìparí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, níbo ni ó ti wá?

Ìtàn kan náà tún ní ẹ̀yìn. Ní 1941, Florey àti Heatley gbé olú náà lọ sí Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi omi àgbàdo tí ó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe sítáàṣì bọ́ olú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ìhà méjèèjì jókòó láti fi iṣẹ́ wọn wéra, wọ́n rí i pé penicillin ti Oxford àti ti Peoria kì í ṣe ọ̀kan náà: ìrù mólékù wọn yàtọ̀. Ohun tí ó wà nínú omi àgbàdo náà ni olú ti mú, tí ó sì so mọ́ ìdí penicillin tirẹ̀. Ǹjẹ́ àfọwọ́fà ni èyí? Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńsáìmù olú ni ó ṣe ìsopọ̀ náà nínú ara rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ni a gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ oúnjẹ tí olú jẹ, nítorí olú kan náà nínú igbó lè máà ṣe irú rẹ̀ láéláé.

Ti ergot ba ni nínú jẹ́ ju ti penicillin lọ. Olú kan tí ń jẹ́ Claviceps purpurea ni, tí ń hù lórí ọkà rye ní Yúróòpù, tí àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ sì ti mọ̀ láti ayébáyé pé ó ń mú ilé ọmọ sún kì. Ní 1875, apòògùn ará Faransé kan tí ń jẹ́ Charles Tanret rí kírísítálì tó mọ́ lóló nínú rẹ̀, ó pè é ní ergotinine, ayọ̀ sì ṣubú lu ayọ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Ní 1906 ni Barger àti Carr ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí ergotoxine, tí agbára wà nínú rẹ̀, tí ìwúwo mólékù rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Tanret. Àṣé igun kan ṣoṣo lára mólékù náà ni ó yí padà, bí ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá di ọwọ́ òsì; bí a bá sì se ergotoxine nínú ọtí, ó lè yí sí ergotinine lójú ẹni tí ń sè é. Gbogbo ẹbí ergot ni ó ní ìwà yìí, olúkúlùkù wọn ní ìkejì tí kò lágbára, ooru àti ọtí a sì máa ti èkínní lọ sí ọ̀dọ̀ ìkejì. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ergometrine, tí wọ́n rí ní 1935, wà nínú ilé ìwòsàn wa títí di òní fún abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ń ba abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sínú fíríìjì. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò onímọ̀ kẹ́míkà lè ṣẹlẹ̀ nínú àpótí oògùn tí òòrùn ń pa, kí ẹ̀mí ìyálọ́mọ sì wà lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìfura nìkan ni ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ èròjà àbímọ́ ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn èké kàn nítorí pé ara wọn jọ ti ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe. Griseofulvin ni ẹ̀rí mi, hóró oògùn tí a fi ń wo làpálàpá orí sàn. Lọ́dún 1939 ni Harold Raistrick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i lára Penicillium griseofulvum, chlorine kan sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa chloroform lè tètè kígbe pé inú omi ìyọ́ ni chlorine náà ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n fún olú náà ní bromide dípò chloride inú iyọ̀, olú sì bí griseofulvin tí ó ní bromine ní àyè kan náà gan-an tí chlorine máa ń wà. Ọwọ́ olú ni èyí: ẹ́ńsáìmù ni ó mọ ibi tí yóò fi nǹkan sí, bí a bá tilẹ̀ pa oúnjẹ rẹ̀ dà. Kẹ́míkà tí ó ṣèèṣì bá mólékù pàdé nínú ìgò kì í sábà yan ibì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Níbi àwọn èròjà aláwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ. Penicillium sclerotiorum a máa ṣe èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan tí ń jẹ́ sclerotiorin. Bí ammonia bá kàn án báyìí, yóò pọ́n, nítorí ọ́síjìn kan nínú òrùka rẹ̀ ti jáde lọ, náítírójìn sì ti gba ipò rẹ̀, ìwúwo á sì fi 1 péré dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Monascus, olú tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi pa ìrẹsì láró pupa fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ: èròjà rẹ̀ méjì tí àwọ̀ wọn rí bí ọsàn a máa gba náítírójìn, wọn a sì di pupa, láìsí ẹ́ńsáìmù kankan tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wàyí o, inú yàrá ìwádìí kún fún ammonia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi iyọ̀ ammonia sínú omi tí wọ́n fi ń ṣan èròjà nínú ẹ̀rọ, òmíràn ń fi í sínú oúnjẹ olú. Bí mo bá rí èròjà pupa nínú ìgò mi, mo lè sọ pé àfọwọ́fà ni. Ọmọ Ṣáínà tí ó ń ta ìrẹsì pupa lọ́jà lè sọ pé irọ́ ni mo pa, nítorí ìrẹsì rẹ̀ ti pọ́n kí onímọ̀ kẹ́míkà kankan tó fọwọ́ kàn án, olú tí ó wà láàyè sì ni ó tú ohun tí ó ní náítírójìn sílẹ̀ láti inú oúnjẹ rẹ̀. Àwa méjèèjì lè jàre. Mólékù kan náà lè jẹ́ àbímọ́ nínú awo kan, kí ó jẹ́ àfọwọ́fà nínú òmíràn. Nítorí náà kì í ṣe lára mólékù ni ẹ̀rí wà, bí kò ṣe nínú ìtàn rẹ̀, nínú ìgbà tí ó dé àti ohun tí ó wà nítòsí nígbà tí ó dé. Mo rò pé ibí yìí ni àwọn tí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n ń bèèrè pé, kí ni nǹkan yìí, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè pé, ìgbà wo ni ó di bẹ́ẹ̀?

Ti àwọn àjòjì tí kò bá olú tan rárá yára láti sọ. Ike a máa tú èròjà phthalate sínú omi ìyọ́, òróró tí a fi ń pa ẹnu ìgò a máa tẹ̀lé e, ether a sì máa gbé ohun tí wọ́n fi sí i kí ó má bàa bàjẹ́ wọlé. Àìlóǹkà ìwé ni wọ́n ti tẹ̀ jáde tí phthalate wọ inú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí olú tàbí ewé ṣe. Oògùn rẹ̀ ni kí a ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìrẹsì tí a kò gbin olú kankan sí. Ohun tí a bá rí nínú ti ìrẹsì òfìfo kì í ṣe ti olú. Bí ẹnìkan bá sì tún takú pé olú òun ń ṣe phthalate ní tòótọ́, kí ó lọ wọn káábọ́ọ̀nù 14 tí ó wà lára rẹ̀: láàárín ọdún 5,730 ìdajì káábọ́ọ̀nù yìí á ti lọ, epo rọ̀bì tí wọ́n fi ṣe ike sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ẹyọ rẹ̀ kan mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí olú fi ìrẹsì ọdún yìí ṣe yóò ní i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní 1993, ìwé kan jáde láti Montana ní Amẹ́ríkà pé olú tí ń gbé inú èèpo igi yew, Taxomyces andreanae, ń ṣe taxol, oògùn jẹjẹrẹ tí igi náà fúnra rẹ̀ ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí kéré jọjọ. Ìròyìn náà mú inú gbogbo ayé dùn, nítorí wọ́n ti ń bẹ́ igi náà lulẹ̀ fún oògùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Ní 2013, àwọn ará Jámánì kan tí wọ́n ka gbogbo jíìnì olú náà kò rí jíìnì tí ń ṣe taxol nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ohun tí ó ṣẹ́kù láti ara igi ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí. Kò sí ìwà ìbàjẹ́ nínú èyí. Ìyánhànhàn ni, àti iye tí ó kéré ju ohun tí ẹ̀rí lè dúró lé lórí lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ jíìnì, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa ohun kan tí ń tan àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ jẹ lóde òní. Wọn a gé jíìnì kan kúrò lára olú, èròjà náà a sì pòórá, wọn a wá ní ẹ̀rí ti dé pé àbímọ́ ni. Kò tíì dé. Bí a bá pa ìyá, ọmọ kò ní wáyé, ìbáà ṣe ilé ni yóò bí i sí, ìbáà ṣe ìta. Ohun tí gígé jíìnì fi hàn ni pé ohun àkọ́kọ́ ti ara olú wá. Kò sọ ẹni tí ó ṣe àtúnṣe ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwo apá ọ̀tún àti apá òsì mólékù: ẹ́ńsáìmù sábà máa ń ṣe apá kan ṣoṣo, nítorí náà bí a bá bá méjèèjì ní ọgbọọgba, ó yẹ kí á fura, síbẹ̀ olú mìíràn wà tí ń ṣe méjèèjì. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àfi kí a kó ẹ̀rí jọ láti ìhà púpọ̀, kí a mú èròjà tí a fura sí pé òun ni ìyá, kí ó mọ́ gaara, kí a dà á sínú omi ìyọ́ kan náà, kí a gbé e sórí síílíkà kan náà, fún iye ọjọ́ kan náà, kí a sì wò ó bóyá ọmọ yóò jáde.

Ó ku àwọn tí ó wà lẹ́nu ààlà. Olú aláwọ̀ pupa olójúfunfun tí ń hù ní Yúróòpù àti Siberia, Amanita muscaria, ní ibotenic acid nínú nígbà tí ó tútù. Bí wọ́n bá sá a gbẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ á di muscimol, èyí tí ń pa ọpọlọ lọ́tí jù. Olú Psilocybe sì wà, tí í di búlúù níbi tí a bá ti ṣe é léṣe. Àwọn onímọ̀ ní Jena ní Jámánì ti fi hàn pé ẹ́ńsáìmù méjì inú olú náà ni ó ń ṣe é: èkínní á gé phosphate kúrò lára psilocybin, èkejì á sì lo ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ láti so ohun tí ó ṣẹ́kù pọ̀ di àwọ̀. Àwọn aláró wa mọ irú nǹkan báyìí tipẹ́tipẹ́, nítorí kò sí búlúù kankan nínú ewé èlú lórí igi. Ìgbà tí a bá gún un, tí a rẹ ẹ́, tí aṣọ sì jáde kúrò nínú ìkòkò bọ́ sí afẹ́fẹ́, ni aró ń yọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé aró kì í ṣe ti èlú. Ìdájọ́ tèmi ni pé búlúù olú yìí jẹ́ àbímọ́, nítorí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ni ó dáhùn sí ọgbẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀bẹ ni ó ṣá a, ìbáà jẹ́ ìgbín ni ó bù ú jẹ. Ti muscimol, mo gbà pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti olú, púpọ̀ sì jẹ́ ti òòrùn àti ti ẹni tí ó sá a. Kò sì sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí a bá ti sọ iye ọjọ́ tí olú fi gbẹ àti bí ooru ṣe tó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìwé nípa èròjà olú, kí ó kọ orúkọ omi ìyọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́. Kí ó kọ bí ooru ṣe tó nígbà tí ó ń gbẹ ẹ́, iye ọjọ́ tí èròjà náà fi sùn lórí síílíkà, àti ohun tí ó bá nínú ìrẹsì òfìfo. Bí ó bá rí methyl, ethyl tàbí òrùka acetone lára ohun tí ó mú jáde, kí ó ṣe ìdánwò ọtí wíwúwo kí ó tó fún un lórúkọ, kí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde bí ó ti wù kí ó rí, àní bí ó bá já sí pé ọwọ́ òun ni ó fà á. Kí ó bù díẹ̀ nínú omi àkọ́kọ́ tí olú tú jáde, kí ó dì í sínú ìgò dúdú, kí ó gbé e sínú fíríìsà tí ó tutù jù, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó dì í sí ara rẹ̀, kí ẹni tí yóò bá a ṣàríyànjiyàn lọ́dún mẹ́wàá òní lè rí ohun tí yóò gbé sínú ẹ̀rọ tirẹ̀.